Ìgò Méjì, Èso Kan: Ọ̀rọ̀ Lórí Orúkọ Wáìnì Pupa

 

Ìnáwó gan-an ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Níbi ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà, wáìnì pupa kì í wọ́n lórí tábìlì wa. Ẹnì kan á gbé ìgò Faransé sókè, á ní, "Grenache nìyí, èyí ni wáìnì gidi." Ìgò Sípéènì tí wọ́n kọ Garnacha sí lára, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: èso kan náà ló wà nínú ìgò méjèèjì. Garnacha ni àwọn ará Sípéènì ń pè é, Grenache ni àwọn Faransé ń pè é. Ilẹ̀ lè yàtọ̀, oòrùn lè yàtọ̀, ọwọ́ ẹni tó ṣe ọtí náà sì lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n irú àjàrà kan ni.

Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Ohun tí ẹnì kan ń pè ní ẹ̀gẹ́, ẹlòmíràn ń pè é ní gbágùúdá, ẹlòmíràn ní pákí. Ta ló jẹ́ sọ pé gàrí pákí dùn ju gàrí ẹ̀gẹ́ lọ?

Ẹ wo Tempranillo. Orúkọ tó ń jẹ́ ní Rioja, ní àríwá Sípéènì, nìyẹn. Ní Ribera del Duero, Tinto Fino tàbí Tinta del País ni. Ní ìlú Toro, Tinta de Toro. Ní La Mancha, Cencibel. Àwọn ará Catalonia ń pè é ní Ull de Llebre, ìyẹn "ojú ehoro". Bó bá kọjá ààlà bọ́ sí Pọ́túgàl, á di Tinta Roriz tàbí Aragonez. Èso kan, orúkọ mẹ́jọ!

Àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n pa gbogbo orúkọ wọ̀nyí rẹ́, kó ku ẹyọ kan tí gbogbo ayé mọ̀, kí ọjà lè yá. Àwa kò fara mọ́ ọn. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn àgbẹ̀ yìí wo ilé kí wọ́n tó sọ ọ́. Lédè Sípéènì, "temprano" ni ohun tó tètè dé. Èso yìí máa ń pọ́n ṣáájú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ló fi ń jẹ́ Tempranillo. Orúkọ náà ti sọ fún àgbẹ̀ pé kó tètè gbé agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.

Orúkọ mìíràn ń sọ ibi tí èso ti wá. Èyí tí àwọn Faransé ń pè ní Mourvèdre, Monastrell ni ní Sípéènì. Àwọn ibòmíràn ń pè é ní Mataró. Mataró jẹ́ ìlú kan lẹ́bàá òkun nítòsí Barcelona. Morvedre sì ni orúkọ àtijọ́ ìlú tí à ń pè ní Sagunto lónìí, ní Sípéènì náà. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan láti Kétu bá lọ jókòó sí ìlú mìíràn, tí wọ́n ń pè é ní Baba Kétu. Ní Kétu fúnra rẹ̀, ta ni yóò pè é bẹ́ẹ̀?

Bí orúkọ bá sọnù, iṣẹ́ ń bàjẹ́. Carmenère jẹ́ àjàrà Bordeaux ní Faransé. Wọ́n kó o lọ sí Chile láyé àtijọ́, orúkọ rẹ̀ sì sọnù sọ́nà. Merlot ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, wọ́n sì ń ká a pọ̀ mọ́ Merlot. Bẹ́ẹ̀ Carmenère máa ń pẹ́ kó tó pọ́n ju Merlot lọ, nítorí náà èso tí kò tíì pọ́n tán ń wọ inú ọtí wọn. Ọdún 1994 ni Jean-Michel Boursiquot, onímọ̀ àjàrà láti Montpellier, wo igi náà dáadáa, tó ní Carmenère ni.

Àmọ́ ṣá o, a kò ní purọ́ pé orúkọ púpọ̀ kì í da oníbàárà láàmú. Cariñena jẹ́ ìlú kan ní Aragón, ó sì tún jẹ́ orúkọ èso. Carignan ni Faransé ń pe èso náà, Rioja ń pè é ní Mazuelo, wọ́n sì ń pè é ní Samsó ní Catalonia. Ṣùgbọ́n lóko àyíká ìlú Cariñena fúnra rẹ̀, Garnacha ló pọ̀ jù lónìí! Ti Faransé kò rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí orúkọ ibi ni ọ̀pọ̀ ìgò wọn ń jẹ́. Bandol pupa, ó kéré tán ìdajì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ Mourvèdre. Cahors, ó kéré tán ìdá 70 nínú 100 rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ Malbec, tí wọ́n tún ń pè ní Côt. Ẹni tí kò mọ̀ kò ní rí i níwájú ìgò.

Ohun tí àwa rò pé ó tọ́ nìyí: kí ẹni tó ṣe ọtí fi orúkọ ilẹ̀ rẹ̀ síwájú ìgò gàdàgbà, kó sì kọ orúkọ tí ayé mọ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ kọ́ orúkọ wọ̀nyí kí ẹ lè là á yé oníbàárà. Àwa tí à ń rà á, ká má san owó gọbọi nítorí orúkọ nìkan. Ká bi ẹni tó ń tà á pé èso wo ló wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ wo ló sì ti wá.

Ìgò wo ló wà lórí tábìlì tiyín? Ẹ sọ fún wa.