Ọ̀nà Ẹrú Kò Bẹ̀rẹ̀ ní Ouidah

Bí a bá dé Ouidah, afinimọ̀nà a mú wa rìn bí kìlómítà 4, láti ojúde Chacha dé Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tó wà létí òkun. A ó kan ibi Igi Ìgbàgbé: ìtàn ní ọkùnrin yí i ká lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé.

Wọn kò gbàgbé. Títí dòní, orúkọ Nàgó àti Mahi ń bẹ nínú ilé òrìṣà ní Bahia.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Savalou àti Bantè, àárín àwọn òkè wa wọ̀nyí ni ogun Dàhọ̀mì ti kó ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kí a tó wo òkun, ẹ jẹ́ ká bi àwọn àgbà: òkè wo ni àwọn baba wa sá sí?