Gbòǹgbò Ni Kó Kọ́kọ́ Ráyè

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti ń ṣú, ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń gba ẹnu àgbẹ̀ àti ìjọba ní ilẹ̀ Yorùbá: èló ni àpò ajílẹ̀, katakata mélòó ló sì wà nílẹ̀? Òṣèlú á ṣèlérí ajílẹ̀ ẹ̀dínwó, kọmíṣọ́nà á ka iye éékà tí wọ́n ti ro. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè bóyá ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ da ajílẹ̀ sí gba gbòǹgbò láyè. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú, nítorí ohun ọ̀gbìn kì í jẹ ajílẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ kò lè dé.

Ilẹ̀ tó dára kì í ṣe erùpẹ̀ nìkan. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ àlàfo láàárín hóró erùpẹ̀. Omi wà nínú àwọn kan, afẹ́fẹ́ wà nínú àwọn yòókù. Inú àlàfo wọ̀nyí ni gbòǹgbò ti ń mumi, ibẹ̀ náà ló ti ń mí. Bí omi bá gba gbogbo ibẹ̀, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, torí pé bí ọ́síjìn ṣe ń lọ láti ibì kan sí ibòmíràn nínú omi lọ́ra ju ti inú afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 10,000. Òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ máa ń lò láti mọ bí àlàfo ṣe pọ̀ tó. Wọ́n á gé erùpẹ̀ tó kún lítà kan láì fọwọ́ tú u, wọ́n á yan án gbẹ, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n. Ti ilẹ̀ oko tó rọ̀ máa ń tó kìlógíráàmù 1.3. Bí ilẹ̀ oníyanrìn bá ti ju 1.8 lọ, tàbí tí ilẹ̀ amọ̀ bá sún mọ́ 1.5, àlàfo rẹ̀ ti dínkù débi pé gbòǹgbò ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn kò ní í lè wọ ibẹ̀ dáadáa.

Gbòǹgbò kò ní ohun èlò kankan tó fi ń gbẹ́lẹ̀ ju omi tó kún inú ara rẹ̀ lọ. Omi yìí ló ń mú un le tó fi ń ti erùpẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, agbára náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá agbára tí afẹ́fẹ́ ayé fi ń tẹ ohun gbogbo lọ. Orí rẹ̀ tún ń sun oje kan tó ń yọ̀ bí ilá, òun ló fi ń yọ́ kọjá láàárín hóró iyanrìn. Bí ilẹ̀ bá ti le ju agbára yìí lọ, gbòǹgbò á ṣẹ́rí. Àgbàdo tó bá bọ́ sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ á na gbòǹgbò sí ẹ̀gbẹ́ dípò ìsàlẹ̀. Bí òjò bá dá fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ewé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ká, nígbà tí omi ṣì wà ní ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà méjì sísàlẹ̀ rẹ̀. Ti ẹ̀gẹ́ tún hàn gbangba jù bẹ́ẹ̀ lọ: gbòǹgbò tó yẹ kó ta á rí tíńrín, á wọ́, yóò sì ṣòro láti fà tu.

Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Nottingham ní Ìlú Ọba àti Shanghai Jiao Tong ní Ṣáínà tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science, tó fi hàn pé líle ilẹ̀ nìkan kọ́ ló ń dá gbòǹgbò dúró. Gbòǹgbò máa ń tú gáàsì ethylene jáde, gáàsì kan náà tó ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. Nínú ilẹ̀ tó rọ̀, gáàsì yìí á gba inú àlàfo lọ. Nínú ilẹ̀ tó ti dì, kò rí ibi gbà. Á kóra jọ sára gbòǹgbò, gbòǹgbò á sì mọ̀ pé ọ̀nà ti dí, kò ní í gùn mọ́, á kàn máa sanra. Ìrẹsì tí kò lè gbọ́ àmì yìí kò dúró rárá, ńṣe ni gbòǹgbò rẹ̀ ń wọ inú ilẹ̀ líle náà lọ. Ìwádìí yìí lè mú kí ẹnìkan sọ pé irúgbìn tuntun ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Irúgbìn bẹ́ẹ̀ lè wúlò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè mú kí omi òjò wọ ilẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti dí, kò sì lè dá afẹ́fẹ́ padà sínú àlàfo tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ pa.

Ohun tó lè ṣe èyí ni gbòǹgbò fúnra rẹ̀, bí wọ́n bá fún un ní àkókò. Oje tó ń sun máa ń lẹ hóró erùpẹ̀ mọ́ra wọn. Àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ àti àwọn okùn olú tó ń bá wọn gbé á di hóró wọ̀nyẹn pọ̀ di ìṣù kéékèèké tí òjò kò lè tètè fọ́. Nígbà tí gbòǹgbò bá kú, tó sì jẹrà, ihò rẹ̀ á ṣẹ́ kù. Omi òjò á gba ibẹ̀ wọlẹ̀, ekòló á gba ibẹ̀ kọjá, gbòǹgbò ọdún tó ń bọ̀ á sì bá ọ̀nà nílẹ̀ láti la ibi líle kọjá. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ inú igbó fi máa ń rọ̀ láìsí ẹni tó kọ ọ́, tí ilẹ̀ tí katakata ń ro lọ́dọọdún sì ń le sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Ìwé tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Smyth àti Montgomery kọ ní 1962 lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, èyí tó pín ilẹ̀ sí irú Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá, Oǹdó àti àwọn mìíràn, jẹ́ kó yé ni pé erùpẹ̀ òkè tó rọ̀ kò nípọn púpọ̀ lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ agbègbè náà. Bí ọkọ́ bá ti kọjá rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ àti amọ̀ ló kù. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tí gbòǹgbò nílò ló wà nínú erùpẹ̀ díẹ̀ tó wà lókè yìí, òun sì ni katapílà máa ń kọ́kọ́ há kúrò.

Ìlú Ìbàdàn ni wọ́n ti fi ìdí èyí múlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1967, ni Rattan Lal, ọmọ Íńdíà, ti ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ láti 1970 sí 1987. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ilẹ̀ tí wọ́n fi àdá àti àáké ṣán wé èyí tí wọ́n fi katapílà fà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Lórí ilẹ̀ katapílà, erùpẹ̀ dì mọ́ra, òjò kò rí àyè wọlẹ̀, ọ̀gbàrá sì gbé erùpẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀ ju ti ilẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ ṣán lọ. Katapílà tó ní abẹ, tó ń gé igi lórí ilẹ̀ láì hú gbòǹgbò, kò ba ilẹ̀ jẹ́ tó èyí tó ń hú u. Wọ́n tún rí i pé bí wọ́n bá gbin àgbàdo láì ro ilẹ̀, tí wọ́n fi pòpórò àti koríko gbígbẹ bò ó, omi ń wọlẹ̀ sí i, ooru ọ̀sán kò sì gbóná jù fún gbòǹgbò. Lal gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2020 fún irú iṣẹ́ yìí. Ohun ìtìjú ni pé ìmọ̀ tó jáde láti Ìbàdàn ti gba ẹ̀bùn lókè òkun, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé iṣẹ́ ilẹ̀ ríro síta ní ìtòsí Ìbàdàn kò sì tíì fi ṣe nǹkan kan.

Èyí kò sọ pé gbogbo ohun tí àwọn baba ńlá ṣe ló dára. Ebè kíkọ náà ń fọ́ ìṣù erùpẹ̀, òjò líle sì ń wẹ erùpẹ̀ ebè lọ sí poro. Ohun tó mú kí ebè má ba ilẹ̀ jẹ́ ni pé wọ́n máa ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kórè. Nínú ọdún wọ̀nyẹn ni gbòǹgbò igbó, ewé Akíntọ́lá pẹ̀lú, máa ń tún ilẹ̀ ṣe, tí wọ́n á tún lu ihò sínú rẹ̀. Iye ènìyàn ti pọ̀, ilẹ̀ ti há, ìsinmi ilẹ̀ ti kúrú ní ọ̀pọ̀ ibi, ó ti tán pátápátá níbòmíràn. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè lọ́dọọdún lójú kan náà láìsí ìsinmi ń ná owó tí kò fi pamọ́.

Àwọn tó ń gbèjà katakata máa ń béèrè pé: ta ló kù lóko tí yóò fi ọkọ́ kọ ebè? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí ìlú, owó lébìrà ti wọ́n, ẹ̀rọ kò sì ṣe é yẹra fún. Àìdáa katakata wà nínú bí wọ́n ṣe ń lò ó àti ìgbà tí wọ́n ń lò ó. Katakata tó wọ oko nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù ń tẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ pọ̀ bó ṣe ń tú òkè rẹ̀. Ojú oko á rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, inú olóko á dùn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò á bá ibi tó dì pàdé nísàlẹ̀. Ajílẹ̀ kò sì lè tún un ṣe. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan lára àwọn oúnjẹ tí wọ́n torí rẹ̀ ń ra ajílẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan nínú ilẹ̀; gbòǹgbò ló gbọ́dọ̀ lọ bá a. Náítírójìn ní tirẹ̀ á bá omi lọ. Owó tí ìjọba fi bu ẹ̀dínwó lé ajílẹ̀ lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ á bá ọ̀gbàrá lọ sódò.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò nira. Ìwé àdéhùn ìjọba pẹ̀lú àwọn agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ hú gbòǹgbò tàbí há erùpẹ̀ òkè jọ sí ẹ̀gbẹ́ oko. Kí awakọ̀ katakata tó wọ ilẹ̀, kí ó mú erùpẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ibi tí yóò ro, kí ó fi ọwọ́ méjì yí i. Bí ó bá ń nà bí okùn láì já, ilẹ̀ kò tíì yá. Kí àgbẹ̀ tó ra ajílẹ̀, kí ó gbẹ́ ihò kan tó jìn dé orúnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun ọ̀gbìn tó ti dàgbà, kí ó wo ibi tí gbòǹgbò ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti le, òtílì tí gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ jìnnà sísàlẹ̀ lè bá a ṣe iṣẹ́ náà, kí ó sì tún fún un ní oúnjẹ. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, láti ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ ti fi ẹ̀wà Mucuna bo ilẹ̀ tó ti ṣá láti fi pa ẹ̀kan, wọ́n sì gba ilẹ̀ wọn padà bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá sì ṣẹ́ kù lóko lẹ́yìn ìkórè, kí wọ́n gé e, kí wọ́n má fà á tu, kí wọ́n má sì dáná sun ún.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tó ní òun gbin igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, á jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Iye éékà tí kọmíṣọ́nà ń kà kò yàtọ̀ sí èyí, bí gbòǹgbò kò bá lè wọ ìdajì rẹ̀. Kí ìjọba tó bá fẹ́ kí oúnjẹ pọ̀ yé ka éékà tí ẹ̀rọ ro. Kí ó rán ènìyàn lọ gbẹ́ ihò, kí ó sì wọn bí gbòǹgbò ṣe jìn tó.