Èkó Ni Wọ́n Ti Gbéra

Bí ọ̀rọ̀ akọni inú Ogun Àgbáyé Kejì bá dé, ìkọlù àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sí St Nazaire ní Faransé ni gbogbo ẹnu ń pè. Èyí tó kàn wá gan-an, a kì í gbọ́ ọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1942, Vulcan àti Nuneaton, ọkọ̀ kékeré tí iṣẹ́ wọn jẹ́ fífa ọkọ̀ ńlá, gbéra ní Èkó, wọ́n forí lé Santa Isabel ní Fernando Po, erékùṣù tó wà lábẹ́ Sípéènì nígbà náà. Gus March-Phillipps, ọ̀gá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, ló ṣáájú wọn. Ọkọ̀ Ítálì ńlá kan, Duchessa d'Aosta, dákọ̀ró síbẹ̀, ọkọ̀ Jámánì méjì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Amí Gẹ̀ẹ́sì kan ti dọ́gbọ́n ṣètò àsè fáwọn ọ̀gá ọkọ̀ lórí ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jẹ, tí wọ́n ń mu, làwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ èbúté nínú òkùnkùn biribiri, wọ́n de bọ́ǹbù mọ́ ṣẹ́ẹ̀nì ìdákọ̀ró, ó dún gbàmù, ṣẹ́ẹ̀nì já, wọ́n sì wọ́ ọkọ̀ lọ. Ẹnì kankan kò kú nínú wọn. Àwọn kan ní olè jíjà ni, torí Sípéènì kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀gágun Giffard, olórí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, náà kọ̀, kò fún wọn ní ọmọ ogun. Bourdillon, Gómìnà Nàìjíríà nígbà náà, ló yọ̀ǹda ọkọ̀, tèmi sì bá tiẹ̀ mu: ọ̀tá ló kọ́kọ́ sọ èbúté ẹni tí kò jagun di ibi ìsádi. Ohun tí n kò fara mọ́ ni bí Lọ́ńdọ̀nù ṣe sẹ́ kanlẹ̀ lẹ́yìn náà pé àwọn kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Èkó ni wọ́n wọ́ Duchessa wá. Ó yẹ kí àwọn ọmọ iléèwé wa mọ ìtàn yìí.