Níbo Ni Kí Owó Ìlera Kọ́kọ́ Dé?

Ọdún 1962 ni Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì Èkó ṣílẹ̀kùn ní Ìdí-Àràbà, láti wo àrùn tó bá ju agbára ilé-ìwòsàn àdúgbò lọ. Ṣùgbọ́n bí oògùn bá tán ní àdúgbò Muṣin, ibẹ̀ náà ni ìyá yóò gbé ọmọ tí ibà ń ṣe lọ, tí yóò tò sẹ́yìn ẹni tí ń dúró de iṣẹ́ abẹ.

Ní Àbújá, ọdún 2001, àwọn olórí Áfíríkà jẹ́jẹ̀ẹ́ pé 15 nínú 100 owó ìsúná yóò jẹ́ ti ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì mú un ṣẹ rí!

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa mọ̀ pé a kì í kọ ebè ju èbù lọ. Kí àwọn alákòóso ka nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó kọ́lé tuntun. Ilé-ìwòsàn àdúgbò ni a fẹ́ kí owó kọ́kọ́ dé.