Owó Táyà Kì í Ṣe Àjálù

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa òṣìṣẹ́, ní àdúgbò wa níbí, bí orí ènìyàn bá pé, a máa ń sọ pé orí rẹ̀ pé bí ti Alájọ Ṣómólú, tí ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bàbá Alphaeus Taiwo Olunaike, tí a bí ní 1915, ni ọkùnrin náà. Wọ́n tún máa ń sọ nípa rẹ̀ pé ó ta mọ́tò mẹ́ta, ó fi owó rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ kan. Àwọn kan ń fi èyí ṣe ẹlẹ́yà. Lójú tiwa, ẹni tí ó mọ ohun tí mọ́tò ń jẹ àti ohun tí ó ń mú wálé nìkan ni ó lè dán irú rẹ̀ wò.

Mélòó nínú wa ni ó mọ̀ ọ́n? Ẹ bi ẹni tí ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ láti Bàrígà lọ sí ibi iṣẹ́ ní Ìkẹjà pé èló ni ọkọ̀ náà ń ná an lóṣù. Owó epo ni yóò dá yín lóhùn. Epo ni a ń fojú rí lójoojúmọ́. Táyà, bátìrì, bíréèkì àti ìwé ọkọ̀ kò sí nínú ìṣirò wa títí ọjọ́ wọn yóò fi pé, nígbà náà ni a ó wá sáré lọ gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó. Owó ẹgbẹ́ tí ó yẹ kí ó wà nílẹ̀ de ẹni tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ, tàbí ẹni tí ilé-iṣẹ́ dá dúró, ni a fi ń ra táyà. Bẹ́ẹ̀ sì ni táyà kì í dédé gbó lóru. Ọjọ́ tí a ti rà á ni ó ti ń gbó bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Iye tí a kọ síbí kì í ṣe iye ọjà, kí kálukú fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Kí a ní táyà mẹ́rin jẹ́ ₦160,000, yóò sì lo ọdún méjì. Bátìrì ₦80,000, òun náà ọdún méjì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà ₦30,000 ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ìwé ọkọ̀ àti inṣọ́ránsì ₦40,000 lọ́dún, bíréèkì àti ṣọ́ọ̀kì ₦80,000. Àpapọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan jẹ́ ₦360,000, èyí tí í ṣe ₦30,000 lóṣù. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 25 lóṣù ní láti ya ₦1,200 sọ́tọ̀ lójúmọ́, yàtọ̀ sí epo.

Ẹ̀yin awakọ̀ dánfó ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Lẹ́yìn epo, owó délífà àti owó gáréèjì, ohun tí ó kù lọ́wọ́ ni ẹ ń pè ní èrè. Kò tíì di èrè. Owó táyà wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ sì ti ń fi í jẹun. Àwọn tí ń san owó ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tiwọn ni a máa ń dùn fún jù, nítorí ẹ̀rọ tí ó bá bàjẹ́ láìsí owó nílẹ̀ lè mú kí olówó ọkọ̀ gba ọkọ̀ padà nígbà tí ó ku díẹ̀.

Àwọn ìyá wa ti ṣe irú ètò yìí rí. Owó ọjà wà ní ìṣẹ́tí aṣọ kan, ti ilé-ìwé wà ní òmíràn, wọn kì í sì tú èyí sínú èyí. Ohun kan náà ni àwọn ètò ìṣirò owó orí kọ̀ǹpútà ń ṣe. GnuCash kò gba kọ́bọ̀, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí a bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ó ṣí àpò kan fún táyà, ọ̀kan fún bátìrì, ọ̀kan fún ìwé ọkọ̀, ẹ ó sì sọ iye tí yóò máa wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù. Google Sheets orí fóònù lè ṣe é pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè di owó mú. Owó gan-an ní láti wà ní báńkì mìíràn tàbí lọ́wọ́ alájọ tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé alájọ yóò mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ètò orí fóònù tí ó bá sì ní kí ẹ kọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì yín sílẹ̀, ẹ pa á rẹ́.

Nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ táyà: ẹni tí ó bá ń ra tókúnbọ̀ ní Ládípò, kí ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún nọ́ńbà mẹ́rin. 3519 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2019. Táyà lè ní eyín kí ó sì ti darúgbó.

Ti epo ṣòro ju èyí lọ, nítorí kò sí lọ́wọ́ wa. Kí oṣù Karùn-ún 2023 tó parí, nǹkan bí ₦185 ni lítà kan ní ilé epo NNPC ní Èkó. Lẹ́yìn tí Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù náà pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin, ó di ₦488. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ó ti di ₦998. Ìyẹn ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Owó-oṣù tí ó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000 sí ₦70,000 ní oṣù Keje 2024, èyí kò tó ìlọ́po méjì àbọ̀. Inṣọ́ránsì tádì páàtì fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni pẹ̀lú ti kúrò ní ₦5,000 sí ₦15,000 láti oṣù Kìíní 2023. Kò sí ètò ìnáwó tí ó lè dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì sọ pé ìmọ̀-ṣún-owó-ná nìkan ni òṣìṣẹ́ nílò ń tan wá jẹ.

Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ fi wúlò kọjá inú ilé. Bí a bá jókòó pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́ lórí owó ìrìnnà, ìwé ìṣirò ni wọ́n máa ń kó wá; ohùn ni àwa máa ń gbé wá. Orí wa kò pé tó ti Alájọ Ṣómólú, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú iye tí ó ná lórí ọkọ̀ tàbí lórí wíwọ ọkọ̀ fún oṣù mẹ́ta wá. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, akọ̀wé yóò gbé e wọlé. A ó yọ orúkọ kúrò kí a tó fi han ilé-iṣẹ́ kankan.