Kí Wọ́n Tó Pín Igi Ẹ̀gẹ́ Tuntun

Ẹ̀gẹ́ ló ń bọ́ ilé ní ilẹ̀ Yewa, ìbáà di gàrí, ìbáà di láfún. Nítorí náà, àrùn mòsáíìkì tó ń pọ́n ewé rẹ̀ lójú, tó sì ń lọ́ ọ mọ́ra, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ nìkan. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Kòkòrò funfun kékeré abẹ́ ewé ló ń gbé e kiri, igi tí a bá sì gé lára ẹ̀gẹ́ tó ti lárùn á gbé e dé oko tuntun. Kò sí oògùn fífín tó lè lé e jáde, torí inú sẹ́ẹ̀lì ló wà, ibẹ̀ náà ni ẹ̀gẹ́ ti ń bá a jà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti fura pé àjèjì wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìsọfúnni tí fáírọ́ọ̀sì fẹ́ fi bí sí i wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Á fi àwọn ègé yẹn dá ìyókù mọ̀, á sì tún fi wọ́n ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì ìtòsí kí wọ́n lè múra sílẹ̀. Àmọ́ fáírọ́ọ̀sì ní èròjà tó fi ń pa ìkìlọ̀ náà lẹ́nu mọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀gẹ́ ló sì ń bá ibẹ̀ lọ.

Àwọn tí kì í bá ibẹ̀ lọ, ọwọ́ àgbẹ̀ ni a ti rí wọn. Ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ Nàìjíríà ni Oko Ìyàwó. Láti Tógò ni Gbazekoute ti wá, òun ni wọ́n ń pè ní TME 419 lónìí. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ tọpa agbára irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ìyípadà kékeré kan lára irinṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì yìí kò ní irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ti ẹ̀gẹ́ ló ń yá lò. Kì í ṣe yàrá ìwádìí ló dá agbára náà sílẹ̀. Àgbẹ̀ ti ń gé ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ gbìn kí àwọn onímọ̀ tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹ̀gẹ́ àtijọ́ kì í ta dáadáa, pé òun gan-an ló ń kó àrùn ran tuntun tí ìjọba ń pín. Òótọ́ wà níbẹ̀: èyí tó bá ti lọ́, ẹ fà á tu. Ṣùgbọ́n èyí tí ewé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín àwọn tó ti lọ́ mọ́ra, kí ló dé tí a ó fi sọ ọ́ nù? Ebè díẹ̀ létí oko tó o. Òótọ́ ni pé IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ń tọ́jú oríṣiríṣi ẹ̀gẹ́ ní Ìbàdàn, àmọ́ èyí tí wọ́n bá gbé dé ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni wọ́n lè tọ́jú. Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ayétòrò níbí. Kí ìjọba tó tún pín igi tuntun, kí wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lọ sóko, láti Ìlaró dé ẹnubodè Ìdí-Ìrókò, kí wọ́n bi àwọn ìyá olóko léèrè orúkọ ẹ̀gẹ́ tí kì í lọ́, kí wọ́n sì gé igi rẹ̀ dání.