Ta Ni Yóò Máa Pín Bọ́ọ̀lù?

Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí líìgì bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa sì wà ní ìsinmi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu tèwe tàgbà láti Òkè Padre títí dé Bẹẹrẹ, láti Màpó títí dé Ọjà'ba: ta ni ẹgbẹ́ Shooting Stars yóò mú wá lọ́dún yìí? Aláta ń bèèrè nídìí àtẹ, awakọ̀ ń bèèrè nídìí ọkọ̀, àwa akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá sì ń fi àkókò oúnjẹ jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní aṣọ́lé ni ẹgbẹ́ náà ṣe aláìní. Àwọn mìíràn ní ẹni tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ni. Lójú tiwa, ẹni tí ó ṣọ̀wọ́n jùlọ ni ẹni tí ń dúró láàrin pápá, tí ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn ará ẹ̀yìn, tí ń gbé orí sókè wo ọ̀tún àti òsì, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ẹni tí ó yẹ ní àkókò tí ó yẹ. Ẹgbẹ́ tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ dàbí ilé tí kò ní baálé: gbogbo wọn ń sáré, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ẹni náà kò ṣọ̀wọ́n nítorí pé kò sí i, bí kò ṣe nítorí pé a kò wá a síbi tí ó wà, a kò sì ní sùúrù fún un nígbà tí a bá rí i.

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ ohun tí ẹgbẹ́ yìí ti jẹ́ rí. Ní ọdún 1976, nígbà tí wọ́n ń jẹ́ IICC, wọ́n borí Tonnerre ti Yaoundé, ẹgbẹ́ láti ilẹ̀ Kamẹrúùnù, wọ́n sì di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 1992 wọ́n gba ife CAF, ní ọdún tí a kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, lọ́wọ́ SC Villa ti Ùgándà. Wọ́n gba líìgì ilẹ̀ wa ní 1976, 1980, 1983, 1995 àti 1998. Lẹ́yìn èyí ni oòrùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn 1998 tí ife líìgì kò tún dé Ìbàdàn. Ní ọdún 2017 sì ni wọ́n já sí ìpele kejì, wọn kò sì gòkè padà títí di 2021. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí nígbà ògo ẹgbẹ́ náà ti di bàbá ọmọ, wọ́n sì ń pa ìtàn rẹ̀ fún ọmọ wọn bí ẹni ń pa ìtàn ogun ayé àtijọ́.

Báwo ni àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ wa ṣe ń wá àtúnṣe nígbà ìsinmi? Bí a bá ti pàdánù, ohun tí a ń ṣe ni pé kí a lé àwọn ti àná lọ, kí a sì kó orúkọ tuntun jáde bí ẹni kó ìwé ìpè sí ìyàwó. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun dé. Kí ó tó mọ orúkọ àwọn ọmọ náà tán, a ti ń pariwo pé kí ó máa lọ. Ẹni tí ń pín bọ́ọ̀lù láàrin pápá ni irú àṣà báyìí ń pa lára jùlọ. Ẹni tí ó ní eré lẹ́sẹ̀ lè dé lónìí kí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò pín bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ mọ ẹsẹ̀ tí èyí fi ń gba bọ́ọ̀lù, kí ó mọ ìgbà tí tọ̀hún yóò sáré, kí ó mọ ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ìmọ̀ báyìí kò sí nínú ìwé àdéhùn. Inú àjọṣe ọjọ́ pípẹ́ ni ó wà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn. Muda Lawal, ẹni tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbà pé kò sí irú rẹ̀ láàrin pápá ní ìgbà tirẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta ni, ọmọ tálákà ni, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó sì ń ṣe kí òkìkí rẹ̀ tó kàn. Segun Odegbami, tí wọ́n ń pè ní Mathematical, ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn. Ọ̀kan ń tún ọkọ̀ ṣe pẹ̀lú epo lọ́wọ́, èkejì ń yàwòrán ẹ̀rọ lórí ìwé. Ẹgbẹ́ Ìbàdàn ni ó so wọ́n pọ̀, wọ́n sì jọ gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Nàìjíríà pàdé Àlgéríà ní Surulere ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, fún ife ilẹ̀ Áfíríkà, gọ́ọ̀lù mẹ́ta ni a fi borí wọn sí òdo. Odegbami gbá méjì, Lawal gbá ìkẹta. Best Ogedegbe, tí ó ṣọ́ ilé wa lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ kan náà ni ó ti wá. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìbàdàn kó ẹ̀ṣọ́ ròde lọ́jọ́ náà, gbogbo Áfíríkà sì rí i.

Ẹnìkan lè dá wa lóhùn pé kì í ṣe gbogbo àwọn akọni ẹgbẹ́ náà ni a rí nítòsí. Òtítọ́ ni. Ẹgbẹ́ Raccah Rovers ti Kano ni Felix Owolabi ti wá. Kaduna ni Rashidi Yekini ti wá ní nǹkan bí ọdún 1982, òun náà ni ó sì gbá gọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ìdíje ife àgbáyé, nígbà tí a pàdé Bùlgáríà ní 1994. Àwa kò sọ pé kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé Yekini kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ó dé. Kì í ṣe òkìkí àná ni a lọ rà. Agbára ọ̀la ni a rí, a sì fún un láyè láti dàgbà.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé ẹgbẹ́ tí ń bẹ̀rù àtijá kò lè dúró de ọmọdé. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, àwa kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, nítorí a rántí 2017. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé kí a mú àgbà kan wá, ẹni tí ó ti mọ ìnira líìgì, kí ó dúró láàrin pápá fún sáà kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n kí a fi ọmọdé méjì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àgbà náà bá lọ láìfi ẹnìkan sílẹ̀, a óò tún padà sí ìbéèrè wa àtijọ́ nígbà òjò tí ń bọ̀.

Wàyí o, kí a má ṣe dá àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ nìkan lẹ́bi, nítorí àwa náà jẹ̀bi. Nígbà tí ẹni tí ń pín bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wa parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹni tí ó ga jù, tí ó sì lágbára jù, ni a fi rọ́pò rẹ̀. A pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa rí ọmọ kúkurú kan ní kíláàsì àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí ń bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré nírọ̀lẹ́. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ti mọ ibi tí yóò fi í sí. Oṣù mẹ́rin ni ọmọ yìí ti wà láàrin wa. Kò sí ẹni tí ó pè é wá dánra wò, nítorí ìdúró rẹ̀ ni a wò, a kò wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nìyí, ọ̀rọ̀ náà sì kan iṣẹ́ tí a yàn. Láìpẹ́ a óò túká lọ sí ilé ẹ̀kọ́ káàkiri. Níwájú wa ni àwọn ọmọ tí ń ta bọ́ọ̀lù alákìísà ní ojúde Bẹẹrẹ àti Beyerúnka yóò jókòó. Olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ rí wọn, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá kankan tó gbọ́ orúkọ wọn. Ẹ jẹ́ kí a máa wo ọmọ tí ń gbé orí sókè, tí ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀, tí inú rẹ̀ ń dùn nígbà tí ẹlòmíràn bá gbá a wọlé. Kí a má ṣe sọ ọ́ di apọnmi fún àwọn tí ó ga jù ú lọ.

Sí àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni a ní. Kí wọ́n máa rán ẹni tí ó lójú sí ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi. Kí wọ́n fún akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ọdún méjì ó kéré tán kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́. Kí àwọn ọ̀dọ́ sì máa dánra wò ní pápá kan náà pẹ̀lú àwọn àgbà ní Adámásìngbà. Sí ara wa tí ń jókòó wòran, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo: bí ọmọ tuntun bá ṣi bọ́ọ̀lù pín lẹ́ẹ̀kan, ẹ má ṣe hó lé e lórí. Ẹni tí a bá hó lé lórí kì yóò gbé orí sókè mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ń gbé orí sókè ni a ń wá.